Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí melt inclusion látorí òkúta títí dé orí nọ́ńbà, fún àwa tá a wà l'Óṣogbo

Òṣogbo ò ní òkè tó ń tu iná, kò tiẹ̀ sí ìkankan nítòsí. Òkúta tí ìlú wa jókòó lé ti gbó gan-an, àwọn grànáìtì apá ọ̀dọ̀ wa yìí tó nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti tutù díẹ̀díẹ̀ kó tó di pé òjò àti oòrùn ṣí wọn síta. Torí ẹ̀ làwọn kan ṣe máa ń sọ fáwọn ọmọ geology pé kí wọ́n gbàgbé ọ̀rọ̀ melt inclusion, ìyẹn ẹ̀kán òkúta yíyọ́ tó há sínú kírísítà, pé iṣẹ́ àwọn òyìnbó tó ní ẹ̀rọ ni. Èmi ò gbà o. Ojú àti sùúrù ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí, inclusion tí ò dáa tẹ́ ẹ bá gbé e síwájú ẹ̀rọ olówó iyebíye, nọ́ńbà tí ò dáa náà ló máa gbé jáde, á kàn ní dẹ́símà púpọ̀ ni. Nítorí náà màá pẹ́ lórí ṣíṣà àti wíwò, màá sì sáré kọjá níbi tó jẹ́ pé ẹni tó ni ẹ̀rọ ló máa bá yín tẹ̀ ẹ́.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ: magma, ìyẹn òkúta yíyọ́ tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, bó ṣe ń tutù làwọn kírísítà bí olivine, pyroxene, plagioclase àti quartz á máa hù nínú ẹ̀. Kírísítà yìí kì í sáábà dàgbà dọ́gba, ibì kan lára ẹ̀ á jìn wọlé, magma díẹ̀ á há síbẹ̀, kírísítà á wá dàgbà bò ó. Tí gbogbo ẹ̀ bá tètè tutù, magma tó há yẹn á di gíláàsì, òun là ń pè ní melt inclusion. Púpọ̀ nínú wọn ò tó 100 máíkírọ́nù (máíkírọ́nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà), irun orí ẹyọ kan náà kò sì ju 50 sí 100 lọ, torí náà ẹ mọ irú nǹkan tí à ń wá.

Ìdí tó fi ṣe pàtàkì ni gáàsì. Omi, CO2, sulfur àti chlorine yọ́ mọ́ inú magma níbi tó jìn, ṣùgbọ́n bó ṣe ń gòkè bọ̀ ni wọ́n ń sá kúrò nínú ẹ̀, tó fi jẹ́ pé lava tó bá ti dé ilẹ̀ dà bí ẹmu ìrọ̀lẹ́, ẹ ò lè fi ẹnu tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ mọ bó ṣe dùn tó nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí ọ̀pẹ bọ́ láàárọ̀. Inclusion ni ti àárọ̀ yẹn, torí kírísítà ti dé e pa kí gáàsì tó lọ. Henry Clifton Sorby, ará Sheffield ní Ìlú Ọba, ti kọ̀wé nípa wọn láti 1858, máíkírósíkóòpù ló sì fi rí wọn, kò sí kọ̀ǹpútà nígbà yẹn.

Òkúta wo lẹ máa mú?

Ọ̀nà méjì ni mo máa ń sọ fáwọn èèyàn. Èkíní, ẹ fi òkúta ilé kọ́ ojú. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lẹ́bàá ìlú, ẹ tọrọ quartz tó mọ́ dáadáa láti inú grànáìtì tàbí pegmatite, ìyẹn irú grànáìtì tí kírísítà rẹ̀ tóbi gan-an, wọn kì í ṣahun ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa rí jù níbẹ̀ ni fluid inclusion, ìyẹn omi àti gáàsì tó há, ẹ sì lè rí melt inclusion tó ti di kírísítà wínníwínní látòkè délẹ̀ torí pé òkúta náà pẹ́ kó tó tutù. Ẹ kọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa dá wọn mọ̀. Tí bubble inú ẹ̀, ìyẹn ihò gáàsì kékeré, bá ń jó, tó ń rìn síwá sẹ́yìn nígbà tẹ́ ẹ̀ ń wò ó láìgbóná, fluid inclusion nìyẹn. Bubble inú gíláàsì kì í mira, torí gíláàsì ti le. Bubble tí ò mira nìkan ò tó láti fi dájọ́ o, fluid inclusion míì wà tí bubble ẹ̀ kì í rìn.

Èkejì, tó bá di pé ẹ fẹ́ nọ́ńbà gidi, ẹ nílò òkúta tó tètè tutù. Ní Nàìjíríà, basalt tuntun, ìyẹn òkúta dúdú tó wá látinú lava, wà ní Jos Plateau àti Biu, Òkè Cameroon náà ò sì jìnnà sí wa, ó tu iná ní 1999 àti 2000. Biu, ẹ kọ́kọ́ wádìí bí ààbò ṣe rí kẹ́ ẹ tó gbéra rárá. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má fọ́ inú lava tó nípọn, ẹ ṣa èéfọ́ rẹ̀ kéékèèké, àwọn scoria (òkúta oníhò tó fúyẹ́) àti lapilli (òkúta wẹ́wẹ́ tí òkè tu jáde) tí ò ju ìwọ̀n sẹ̀ntímítà méjì lọ, torí inú òkúta ńlá máa ń gbóná pẹ́, inclusion á ti di kírísítà, omi inú ẹ̀ náà á sì ti sá lọ. Hydrogen inú omi yẹn kì í pẹ́ kó tó gba inú olivine kọjá, tí ooru bá tó bíi 1200°C, wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ díẹ̀ ti tó.

Ọ̀fìn kan wà nínú basalt Jos àti Biu tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Wọ́n máa ń gbé ègé òkúta mantle, ìpele tó wà lábẹ́ èèpo ilẹ̀, wá látìsàlẹ̀, òkìtì olivine aláwọ̀ ewé tó rẹwà gan-an, ojú gbogbo èèyàn ló ń lọ síbẹ̀. Olivine yẹn ò hù nínú magma tó gbé e wá! Tó bá túká mọ́ àwọn yòókù, ẹ̀ẹ́ rò pé olivine rere lẹ rí. Ẹ wò ó lábẹ́ polarizer méjèèjì, àwọn àwo tó ń yan ìmọ́lẹ̀ lára máíkírósíkóòpù: ti mantle sábà máa ń ní ìlà títẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ká a, Fo rẹ̀, ìyẹn ìpín magnesium nínú àpapọ̀ magnesium àti iron rẹ̀ lórí ọgọ́rùn-ún, máa ń wà ní nǹkan bí 90, calcium rẹ̀ sì kéré, CaO kì í sábà tó 0.1%. Inclusion inú ẹ̀, CO2 ló sábà máa ń jẹ́, wọ́n á tò lórí ìlà kan. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀.

Fífọ́, sísẹ́, fífọ̀

Àárín yìí ò le. Ẹ ní kí wẹ́dà gé páìpù irin tó nípọn fún yín, kó jó ìdí ẹ̀ pa, kó wá ṣe ọ̀pá irin tó wọ inú ẹ̀ geerege, odó yín nìyẹn, Òṣogbo ò fìgbà kan wọ́n ẹni tó mọ irin. Ẹ máa gún un lókè-lókè ni, ẹ má lọ̀ ọ́, lílọ̀ ló ń fọ́ kírísítà sí wẹ́wẹ́. Ẹ bomi wọ́n ọn díẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ bo imú, eruku òkúta ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Asẹ́ gààrí ò ní ṣe é. Àwọn tó ń yẹ ilẹ̀ wò fún iṣẹ́ títì àti ilé ní asẹ́ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yá yín ní No. 18 àti No. 60, ìyẹn mílímítà 1 àti 0.25. Èyí tó bá gba àkọ́kọ́ kọjá tí ìkejì wá dá a dúró lẹ máa mú. Ẹ fi omi fọ̀ ọ́ títí tí omi á fi mọ́, ẹ sá a gbẹ. Mágínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà tó ti bàjẹ́, ẹ fi nylon wé e kẹ́ ẹ fi rìn lórí ẹ̀, á kó èérún irin odó yín àti magnetite kúrò. Ẹ máa gbọ́ pé àwọn kan ń fi hydrofluoric acid bọ́ gíláàsì kúrò lára kírísítà. Ẹ má dán an wò nílé o. Ásíìdì yẹn máa ń gba awọ ara lọ bá egungun, ó sì lè pa èèyàn, ó níbi tí wọ́n ti ń lò ó.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an: wíwò

Kírísítà tó gbẹ máa ń tan ìmọ́lẹ̀ padà, ẹ ò ní rí inú ẹ̀ dáadáa. Ẹ rì í sínú òróró tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá bó ṣe ń gba inú kírísítà kọjá, ojú ẹ̀ á pòórá, inclusion nìkan á kù síta. Fún quartz tí refractive index rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà bó ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀, jẹ́ bíi 1.54, òróró kànáfùrù tí wọ́n ń tà nínú ìgò kékeré sún mọ́ ọn gan-an, tirẹ̀ jẹ́ 1.53, àwọn àgbà onímáíkírósíkóòpù ti lò ó rí. Ẹ rí i pé ojúlówó ni o, kì í ṣe òróró míì tí wọ́n kàn bu kànáfùrù sí. Olivine ga ju ìyẹn lọ, 1.65 sókè, kànáfùrù á ṣì ràn yín lọ́wọ́ ju omi lásán tó jẹ́ 1.33 lọ, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí òróró lab tó jẹ́ 1.66, ìyẹn ló dáa jù.

Ẹ fi abẹ́rẹ́ yí kírísítà kọ̀ọ̀kan padà, kẹ́ ẹ wò ó lápá ibi gbogbo. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: ìgbà wo lo há? Inclusion tó dá wà láàrin kírísítà, tàbí tí wọ́n tò tẹ̀lé bí kírísítà ṣe ń dàgbà, á jẹ́ pé ìgbà tí kírísítà ń hù ni wọ́n há. Àwọn tó tò gbọọrọ lórí ojú sísán tó ti jinná, tí wọ́n gba inú kírísítà já síta, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n wọlé, ìtàn míì ni wọ́n ń sọ, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Tí àwọn tó há nígbà kan náà nínú kírísítà kan bá pọ̀, inú yín á dùn, torí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ wọn bára mu, tí kò bá bára mu, ẹnì kan ń purọ́ nínú wọn.

Ìbéèrè kejì: ṣé ẹnu ẹ ṣì pa? Ẹ wá ojú sísán tó ti ara inclusion lọ dé etí kírísítà, kódà bó tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ wá èyí tó rí bí ìgò ọlọ́rùn gígùn, ọrùn yẹn ṣí síta nìyẹn, gáàsì ti gbabẹ̀ lọ. Ẹ wá èyí tí ojú sísán kéékèèké yí ká bí ìtànṣán, ìyẹn ti bú látinú. Gbogbo wọn ẹ kó kúrò, ẹ má ṣàánú wọn torí pé wọ́n tóbi. Mo mọ̀ pé ó máa ń dunni, èyí tó tóbi tó sì rẹwà ló sábà máa ń jò.

Ìkẹta ni bubble. Gíláàsì máa ń sún kì tó bá tutù, bubble kékeré á yọ, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ìwọ̀n ẹ̀ ló ṣe pàtàkì, ìṣirò ẹ̀ ò sì nílò ẹ̀rọ: ẹ wọn ìbú bubble, ẹ wọn ìbú inclusion, ẹ fi ti inclusion pín ti bubble, ẹ wá fi èsì yẹn sọ ara ẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Inclusion 60 máíkírọ́nù tí bubble ẹ̀ jẹ́ 15, ìdá kan nínú mẹ́rin ni, nínú ìwọ̀n inú ẹ̀ ó jẹ́ ìdá kan nínú 64, bíi 1.6%, ìyẹn dáa. Tí bubble bá jẹ́ 30 nínú 60 kan náà, ó ti di ìdá kan nínú mẹ́jọ, 12.5%, ìyẹn ga jù, yálà ó ti jò ni tàbí ó há pẹ̀lú bubble lára látìbẹ̀rẹ̀. Inclusion tó bá rí roboto ni ìṣirò yìí bá mu jù o, tó bá rí pẹlẹbẹ ẹ máa tàn ara yín jẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn, inú ẹ̀ ńkọ́? Ṣé gíláàsì tó mọ́ ni, àbí ó ti dúdú tó ní kírísítà wẹ́wẹ́? Ṣé ègé spinel dúdú kan wà níbẹ̀ tó ti wà kí magma tó há? Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó kéré ju 20 máíkírọ́nù lọ mi ò kì í gbà á, torí magma tó fara kan kírísítà tó ń dàgbà kì í rí bákan náà pẹ̀lú gbogbo magma yòókù, inclusion kékeré ni irú ẹ̀ ń há sí jù, ẹnu ẹ̀rọ náà kì í sì í wọ̀ ọ́ dáadáa.

Kírísítà kọ̀ọ̀kan ẹ fún un lórúkọ, inclusion kọ̀ọ̀kan náà bẹ́ẹ̀. Fóònù yín tẹ́ ẹ bá gbé kámẹ́rà ẹ̀ lé ojú máíkírósíkóòpù á ya fọ́tò tó tó, ẹ ṣáà rí i pé ẹ fi sùkéèlì, ìlà tó ń fi bí nǹkan ṣe tóbi hàn, sí i. Ẹ yà á kẹ́ ẹ tó dán an, torí tẹ́ ẹ bá ti dán an tán, bubble lè ti ṣí, kò sì sí ẹni tó máa mọ bó ṣe tóbi tó mọ́.

Ká gbóná ẹ àbí ká má gbóná ẹ?

Tí inclusion bá jẹ́ gíláàsì tó mọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Tó bá ti di kírísítà, wọ́n máa ń tún un gbóná títí tí gbogbo ẹ̀ á fi yọ́, kí wọ́n tó mú un tutù lójijì. Ti basalt nínú olivine sábà máa ń gba 1100 sí 1250°C, ti quartz kì í tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tó wọ abẹ́ máíkírósíkóòpù ni wọ́n ń lò, wọ́n ń ṣọ́ oxygen inú ẹ̀ kí olivine má baà dípẹtà, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n sì ń lò torí omi tó ń sá. Tí wọ́n bá gbóná ẹ kọjá bó ṣe yẹ, inclusion á jẹ nínú ara kírísítà tó dé e, magnesium ẹ̀ á lọ sókè lásán. Ẹ kọ ooru àti àkókò sínú ìwé yín.

Dídán

Ẹ lẹ kírísítà mọ́ orí gíláàsì pẹlẹbẹ pẹ̀lú gúlù tó ń yọ́ nínú asitóònù, irú asitóònù tí wọ́n fi ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́ yẹn, kẹ́ ẹ lè tú u yí padà. Sáńpépà omi 600, kó tó kan 1200, kó tó kan 2000, lẹ́yìn náà ni lẹ́ẹ̀ dáyámọ́ńdì 3 àti 1 máíkírọ́nù. Ẹ fọ̀ ọ́ láàrin ọ̀kan sí ìkejì, iyanrìn kan ṣoṣo láti inú 600 á ha gbogbo ẹ̀. Ẹ fà á díẹ̀, ẹ wò ó, ẹ fà á díẹ̀, ẹ wò ó, torí tẹ́ ẹ bá ti kọjá inclusion 40 máíkírọ́nù, ó lọ nìyẹn. Fún FTIR, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ infrared wọn gáàsì, ojú méjèèjì lẹ máa dán kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú gíláàsì kọjá láìkan kírísítà.

Ètò ẹ̀rọ

Ẹ tẹ̀lé ètò yìí torí pé àwọn kan ń ba nǹkan jẹ́ fáwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Raman, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ laser wò ó, ló ṣáájú, kí bubble tó ṣí, ó ń wọn CO2 inú ẹ̀. FTIR ló kàn, fún omi àti CO2 inú gíláàsì. SIMS, ẹ̀rọ tó ń fi ion lu ojú ẹ̀, tẹ̀ lé e, inú indium, irin rírọ̀ kan, ni wọ́n ti ń gbé kírísítà sí fún un, epoxy, ìyẹn gúlù líle, ní carbon àti gáàsì tó ń dà á láàmú. Microprobe, ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán electron wọn èròjà, ló kàn, òun ni wọ́n ń fi carbon kun ojú ẹ̀, ẹ wá rí i bó ṣe máa dà bí wọ́n bá ṣe é kí SIMS tó wọn carbon. Ẹ ní kí wọ́n fẹ ẹnu ìtànṣán ẹ̀ sí 5 tàbí 10 máíkírọ́nù, kí wọ́n sì kọ́kọ́ wọn sodium, torí sodium ń sá fún ìtànṣán yẹn nínú gíláàsì. Laser ló kẹ́yìn, ihò ló ń lu.

Ìṣirò FTIR, ẹ ṣe é fúnra yín. Ẹ sọ 18.02, ìwọ̀n mole omi kan ní gíráàmù, di púpọ̀ lọ́nà absorbance, ìyẹn bí gíláàsì ṣe gba ìmọ́lẹ̀ mu tó, lẹ́yìn náà lọ́nà 100, kẹ́ ẹ wá fi density, ìnípọn àti absorptivity (nọ́ńbà bí omi ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ yẹn mu) pín in. Ká ní absorbance ní ibi 3550 lórí àwòrán FTIR, tí omi ti ń hàn, jẹ́ 1.0, gíláàsì basalt tó jẹ́ gíráàmù 2800 fún lítà kan, ìnípọn 50 máíkírọ́nù, ìyẹn sẹ̀ntímítà 0.005, absorptivity 63: 1802 pín sí ọ̀nà 882, omi jẹ́ 2.04%. Tó bá jẹ́ pé 40 ni ìnípọn gan-an, ó ti di 2.55% nìyẹn. Ẹ rí i pé máíkírọ́nù mẹ́wàá péré ló fa gbogbo ìyàtọ̀ yẹn, torí náà ìnípọn ni kẹ́ ẹ fi ọkàn sí.

Àtúnṣe tí ò ṣeé yẹ̀

Lẹ́yìn tí magma há, olivine tó dé e kì í dẹ́kun à ti dàgbà sínú, ó ń jẹ magnesium lára ẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí: olivine Fo85, iron (Fe) sí magnesium (Mg) ẹ̀ jẹ́ 15 sí 85, ìyẹn 0.176, ẹ fi 0.30, nọ́ńbà tó so ti olivine mọ́ ti magma, pín in, ó di 0.588, tó túmọ̀ sí pé Mg# (ìpín magnesium nínú àpapọ̀ magnesium àti iron lórí ọgọ́rùn-ún) magma tó bá a mu gbọ́dọ̀ jẹ́ bíi 63, tí ẹ bá lo Fe2+ nìkan, ìyẹn irú iron tó ń wọ olivine. Tí inclusion yín bá jẹ́ 55, olivine ti hù mọ́ ara ògiri nìyẹn, ẹ máa dá olivine padà sí i lórí kọ̀ǹpútà díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi bára mu, sọ́fítíwià Petrolog3 ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tún wo FeO ẹ̀, tó bá kéré ju ti lava tó gbé e wá lọ, iron ti bá ibẹ̀ jáde, ẹ gbọ́dọ̀ ka èyí náà mọ́ àtúnṣe yín.

Láti mọ bí ibi tí magma ti há ṣe jìn tó, VESIcal, tó jẹ́ Python, ọ̀fẹ́ lòun náà, ó ń gba omi àti CO2 ó ń fún yín ní pressure, ìyẹn bí òkúta òkè ṣe tẹ̀ ẹ́ tó. 100 MPa (megapascal, ìwọ̀n pressure) jẹ́ bíi kìlómítà 3.7. Ṣùgbọ́n CO2 inú bubble lè ju ìdajì gbogbo èyí tó wà lọ, ẹni tí ò bá kà á mọ́ ọn á sọ pé magma wà nítòsí nígbà tó jẹ́ pé ó jìn. Kẹ́ ẹ sì má fi inclusion sọ ohun tí ò mọ̀: ti Pinatubo, òkè tó tu iná ní Philippines, ní 1991, sátẹ́láìtì rí bíi mílíọ̀nù 15 sí 20 tọ́ọ̀nù SO2 lójú ọ̀run, èyí tí wọ́n ṣírò látinú inclusion kéré sí i púpọ̀, torí pé ọ̀pọ̀ sulfur ti wà nínú bubble kí òkè yẹn tó bú, inclusion ò há ìyẹn.

Ẹni tí ò tíì rówó lab, GEOROC, àkójọ nọ́ńbà òkúta lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní nọ́ńbà melt inclusion látorí òkè káàkiri ayé, ẹnikẹ́ni ló lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wà á sórí láptọ́ọ̀pù nígbà tí iná bá wà, ẹ fi ṣe gbogbo ìṣirò tí mo kọ sókè yìí. Tó bá wá di pé ẹ fẹ́ fi tiyín ránṣẹ́ sí lab, ẹ kó kírísítà kọ̀ọ̀kan sínú kápúsù tó dá wà, kẹ́ ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sára ẹ̀, kẹ́ ẹ fi fọ́tò àti àwòrán ibi tí inclusion wà tẹ̀ lé e. Nínú ìwé tẹ́ ẹ bá kọ, ẹ to nọ́ńbà tẹ́ ẹ wọ̀n àti èyí tẹ́ ẹ tún ṣe sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, pẹ̀lú ìwọ̀n bubble, irú olivine tó dé e, àti iye èyí tẹ́ ẹ sọ nù àti ìdí ẹ̀.